Patintero: bí a ṣe ń fa ìlà rẹ̀, bí a ṣe ń ṣọ́ ọ, àti bí a ṣe ń sá là á kọjá

Kẹ́tùlù tí wọ́n fi ń se omi tíì ni ẹ̀gbọ́n kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní ilé ìwòsàn fi kọ́ mi ní eré yìí. Ọmọ erékùṣù Cebu ni, ní orílẹ̀-èdè Filipínì. Ate ni gbogbo àwa tí a kéré sí i lọ́jọ́ orí ń pè é, torí bí wọ́n ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n obìnrin lọ́dọ̀ wọn nìyẹn; àwọn náà kì í la orúkọ mọ́ àgbà lórí. Lọ́sàn-án Sátidé kan, a kó àwọn ọmọ wa jọ sí ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Ate bu omi kún kẹ́tùlù, ó dẹ ẹnu rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀ kí omi lè máa ṣàn tín-ín-rín, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀yìn rìn. Ìlà dúdú kan ń gùn bọ̀ níwájú rẹ̀ lórí kọnkéré bó ṣe ń lọ. Nígbà tó máa fi gbé kẹ́tùlù sílẹ̀, ilé oníyàrá mẹ́fà ti wà nílẹ̀, ilé tí kò ní ògiri, tí kò ní ilẹ̀kùn. Ó ní kí àwọn ọmọ gbìyànjú láti wọ̀ ọ́ já.

Patintero lorúkọ eré náà. Lọ́dọ̀ àwọn tó ń sọ èdè Tagalog, ẹ ó tún gbọ́ tubigan. Níbi tí Ate ti wá, tubig-tubig ni. Tubig ni omi lédè wọn, omi tí wọ́n fi ń fa ìlà ló sì bí orúkọ yẹn. Orúkọ mìíràn tí wọ́n ń pè é ni harangang taga, inú èyí tí harang wà, ìyẹn ni pé kí a dí ènìyàn lọ́nà. Ẹ so àwọn orúkọ wọ̀nyí pọ̀, ẹ ti mọ eré náà tán: omi la fi fa ìlà, ẹnì kan sì dúró lórí ìlà náà láti dí wa lọ́nà.

Bó ṣe ń lọ ní kúkúrú nìyí. Ẹgbẹ́ méjì ló máa ń ṣe é. Ẹgbẹ́ kan dúró lórí àwọn ìlà, wọn kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ kúrò lórí rẹ̀. Ẹgbẹ́ kejì ní láti sá kọjá gbogbo ìlà náà dé ìparí, kí wọ́n sì tún sá padà wá síbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, láìjẹ́ kí ọwọ́ ẹ̀ṣọ́ kankan ba ara wọn. Bí ọwọ́ bá ba ẹyọ ẹnì kan péré nínú wọn, gbogbo ẹgbẹ́ ni eré ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn náà ló kàn láti ṣọ́ ìlà. Òfin tí mo fẹ́ràn jù nínú eré náà nìyẹn. Ọmọ tó yára jù ládùúgbò lè sá títí ilẹ̀ á fi ṣú. Bí kò bá ronú nípa ẹnì kejì rẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo, òfo ni.

Ìgboro ni ilé eré yìí. Ní Filipínì, barangay ni ìpele ìjọba tó kéré jù lọ, àdúgbò tàbí abúlé tó ní alága tirẹ̀. Nínú títì tóóró barangay ni ẹ ó ti bá àwọn ọmọ lẹ́yìn ilé ìwé, nígbà tí oòrùn bá ti rọlẹ̀. Bí traysikel bá ń bọ̀, ìyẹn ọ̀kadà tí wọ́n so ìjókòó èrò mọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, gbogbo wọn á yà sí ẹ̀gbẹ́ títì, ọlọ́kadà á gba orí ìlà kọjá, oníkálukú á sì padà sáyè rẹ̀. Láyé àtijọ́, pàápàá lábúlé tí iná mànàmáná kò tíì dé, alẹ́ òṣùpá ni wọ́n máa ń ṣe é jù. Ẹni tó bá ti ṣeré òṣùpá rí nílé wa kò nílò kí n ṣàlàyé bí alẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe ń dùn tó. Lónìí, wọ́n ń kọ́ ọ nílé ìwé nínú ẹ̀kọ́ eré ìdárayá, pẹ̀lú àwọn eré ìbílẹ̀ yòókù tí wọ́n ń pè ní Larong Pinoy: tumbang preso, tí wọ́n máa ń fi sílípáàsì sọ agolo lulẹ̀, àti luksong baka, tí wọ́n máa ń fò kọjá ẹ̀yìn ẹni tó tẹ̀ ba.

Ó ní àwọn mọ̀lẹ́bí nítòsí àti lókèèrè. Gobak sodor ni wọ́n ń pè é ní Indonéṣíà, galah panjang ni ní Màléṣíà, wọ́n sì ní atya patya ní Íńdíà. Ti Filipínì ni mo mọ̀, òun náà ni mo sì fẹ́ kọ́ yín.

Kíka orí ẹgbẹ́

Márùn-ún márùn-ún ló dára jù. Ìlà tí mo fẹ́ júwe nísàlẹ̀ yìí, ti ènìyàn mẹ́wàá ni, mo sì máa sọ ohun tí ẹ ó yípadà bí ẹ bá jẹ́ mẹ́rin mẹ́rin. Bó bá lọ sílẹ̀ ju mẹ́ta mẹ́ta lọ, kò tún sí eré níbẹ̀ mọ́. Ọmọ ọdún 7 tàbí 8 ti lè lóye òfin rẹ̀ dáadáa. Àgbà náà ń ṣe é. Mo ti rí ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta tó bọ́ bàtà rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí àwọn tí ẹsẹ̀ wọn yá kó ara wọn jọ sápá kan. Ọ̀nà tó rọrùn jù ni pé kí ẹ mú àwọn ọmọ ní méjì méjì, kí ẹni méjì tó bá jọ ara wọn ní gíga àti ní ìsáré dojú kọ ara wọn. Kí wọ́n wá ta bato-bato-pick: òkúta, bébà, àlùmọ́gàjí, tí a fi ọwọ́ ṣe. Òkúta ń fọ́ àlùmọ́gàjí, àlùmọ́gàjí ń gé bébà, bébà ń bo òkúta. Gbogbo ẹni tó bá jáwé olúborí di ẹgbẹ́ kan, àwọn yòókù di ẹgbẹ́ kejì. Lẹ́yìn èyí, kí olórí ẹgbẹ́ méjèèjì tún ta á láàárín ara wọn. Ẹgbẹ́ tí olórí wọn bá pàdánù ni taya, ìyẹn ẹni tí ìyà eré kọ́kọ́ kàn. Nínú eré yìí, taya ló ń ṣọ́ ìlà. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ mọ ọ̀rọ̀ náà, torí òun ni wọ́n ń pariwo ní gbogbo eré ọmọdé Filipínì.

Ilẹ̀ àti ìlà

Ibi yìí ni mo ti fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀. Èmi gbà pé ìlà tí a kò fà dáadáa ló ń fa ìdajì nínú gbogbo ìjà tó ń ṣẹlẹ̀ nínú patintero.

Ẹ wá ilẹ̀ tó tẹ́jú, tí kò ní kòtò, tí kò ní igò fífọ́. Ilẹ̀ erùpẹ̀ tó ki dára. Kọnkéré tí ara rẹ̀ kò dán dára. Ibi tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n dára púpọ̀, barangay tí kò ní irú pápá bẹ́ẹ̀ kò sì wọ́pọ̀ ní Filipínì. Ilẹ̀ táìlì kò dára rárá: omi á mú un yọ̀, ọmọ á sì fi orí gbá ilẹ̀. Bí kò bá sí ilẹ̀ mìíràn, ẹ má ṣe fi omi fà á.

Ìwọ̀n rẹ̀: mítà 6 ní ìbú, mítà 9 ní òòró. Ẹni tí kò ní tépù kó má ṣèyọnu, ìṣísẹ̀ àgbà 8 ní ìbú àti 12 ní òòró á sún mọ́ ọn dáadáa. Ẹ fi àyè bíi mítà 2 sílẹ̀ yí i ká, kí ẹni tó bá sáré jáde má lọ kọlu ògiri.

Ẹ kọ́kọ́ fi òkúta mẹ́rin sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ mú okùn, ẹ nà án láti igun kan dé igun tó kọjú sí i ní ìdàkejì, ẹ ta kókó sí ibi tó dé. Ẹ tún na okùn kan náà sí igun méjì yòókù. Bí kókó náà bá bọ́ sí ibi tó yẹ gẹ́lẹ́, ilé yín gún. Bí kò bá bọ́ síbẹ̀, ẹ sún òkúta kan títí á fi bọ́ ọ. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú méjì nìyí, kò sì sí ọmọ tó máa sọ pé yàrá ti ẹ̀gbẹ́ òun fún ju ti ẹ̀gbẹ́ kejì lọ.

Ẹ wá fa ìlà yí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ká. Lẹ́yìn náà, ẹ fa ìlà ìdábùú méjì sínú rẹ̀, kí òòró lè pín sí ọ̀nà mẹ́ta tó dọ́gba, mítà 3 sí ara wọn. Ẹ parí rẹ̀ pẹ̀lú ìlà òòró kan ṣoṣo tó gba àárín gbùngbùn kọjá láti iwájú dé ẹ̀yìn. Bí ẹ bá kà á, ìlà ìdábùú mẹ́rin ló wà báyìí: ti iwájú, méjì ti àárín, àti ti ẹ̀yìn. Ìlà àárín gé gbogbo wọn sí méjì. Yàrá mẹ́fà ló jẹ́, mẹ́ta ní ọwọ́ òsì, mẹ́ta ní ọwọ́ ọ̀tún. Ìlà ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kò ní ẹ̀ṣọ́. Ògiri ni wọ́n, ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ kọjá ti jáde.

Ní ti ohun tí ẹ ó fi fà á, omi ni ti ìbílẹ̀. Búta tí àwọn Mùsùlùmí fi ń ṣe àlùwàlá dára fún un ju kẹ́tùlù Ate lọ, torí ẹnu rẹ̀ gùn, ó sì tín-ín-rín. Ẹ máa fi ẹ̀yìn rìn bí ẹ ṣe ń dà á, kí ẹsẹ̀ yín má baà tẹ ìlà tútù. Kí ìlà náà fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, torí orí rẹ̀ ni àwọn ẹ̀ṣọ́ máa gbé ẹsẹ̀ lé. Lórí erùpẹ̀, omi máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó gbẹ, ipa rẹ̀ a sì máa hàn. Lórí kọnkéré nínú oòrùn, kò ní pẹ́ rárá. Lọ́jọ́ tí à ń wí yẹn, eré kò tíì dé ìdajì tí ìlà kejì fi gbẹ mọ́lẹ̀. Ọmọ mi ní òun kò tíì dé ìlà, ọmọ Ate ní ó ti kọjá rẹ̀, kò sì sí ìlà mọ́ láti fi dá wọn lẹ́jọ́. Ate kò bá ẹnikẹ́ni wí. Ó lọ pọn omi kún kẹ́tùlù, ó sì tún ìlà náà fà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ní bí àwọn ṣe máa ń ṣe é nílé náà nìyẹn: ọmọ kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa tún ìlà bù lómi lọ. Bí ẹ bá fẹ́ èyí tó máa tọ́jọ́, ẹ lo ṣọ́ọ̀kì tàbí èédú lórí kọnkéré, kí ẹ sì fi igi lànà sí ilẹ̀ erùpẹ̀. Ẹ má ṣe lo okùn tí a nà sórí ilẹ̀, á gbé ọmọ ṣubú.

Àwọn ẹ̀ṣọ́ àti patotot

Ẹni mẹ́rin nínú ẹgbẹ́ taya dúró lórí ìlà ìdábùú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹnì kan lórí ìlà kan. Wọ́n lè sáré lọ sápá òsì tàbí ọ̀tún lórí ìlà tiwọn bó ṣe wù wọ́n, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ méjèèjì gbọ́dọ̀ wà lórí ìlà nígbà tí wọ́n bá fọwọ́ ba ènìyàn. Bí ẹsẹ̀ kan bá ti kúrò, ọwọ́ yẹn kò ka nǹkan kan. Wọ́n lè na apá àti ara wọn débi tó bá lè dé.

Ẹnì karùn-ún ni patotot. Òun ló ni ìlà òòró àárín. Àwọn mẹ́rin yòókù lè lọ sọ́tùn-ún sósì nìkan, ṣùgbọ́n patotot lè sáré láti iwájú dé ẹ̀yìn, kó sì fọwọ́ ba ẹnikẹ́ni tó bá wà nítòsí ìlà rẹ̀ nínú yàrá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Bí ẹ bá jẹ́ mẹ́rin mẹ́rin, ẹ̀ṣọ́ ìlà iwájú ló máa ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì pọ̀: ó ń ṣọ́ ìlà tirẹ̀, ó sì ní àṣẹ láti yà wọ ìlà àárín nígbà tó bá fẹ́.

Ẹ wo ohun tí patotot ń ṣe. Ká ní asáré kan ti kọjá ìlà iwájú, ó wà nínú yàrá àkọ́kọ́ lápá òsì. Ẹ̀ṣọ́ ìlà kejì wà níwájú rẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ ìlà iwájú wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìlà ẹ̀gbẹ́ ni ògiri lọ́wọ́ òsì, kò gbọdọ̀ jáde. Ọwọ́ ọ̀tún nìkan ló ṣí sílẹ̀ fún un. Ìgbà tí patotot bá dé ọwọ́ ọ̀tún yẹn, yàrá ti di ẹ̀wọ̀n. Nítorí náà, ẹ má ṣe fi iṣẹ́ patotot fún ẹni tó yára lásán. Ẹni tí ojú rẹ̀ mú, tó sì máa ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀, ni kí ẹ fi síbẹ̀. Patotot tó bá ń lé asáré kan ṣoṣo kiri ti fi ìdajì ilé sílẹ̀ fún àwọn asáré mẹ́rin yòókù.

Eré bẹ̀rẹ̀

Àwọn asáré máraàrún dúró síta, níwájú ìlà àkọ́kọ́. Àwọn ẹ̀ṣọ́ wà láyè wọn. Nígbà tí olórí taya bá pariwo pé àwọn ti ṣe tán, eré ti ya. Asáré lè gba yàrá èyíkéyìí wọlé. Ó lè lọ síwájú, ó lè padà sẹ́yìn, ó lè yà sí ẹ̀gbẹ́ kejì nípa kíkọjá ìlà àárín, bí patotot bá jìnnà. Ó lè dúró sójú kan kó mí. Ohun tí kò gbọdọ̀ ṣe kò ju méjì lọ: kò gbọdọ̀ jáde gba ẹ̀gbẹ́, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ ba òun.

Ẹni tó bá kọjá ìlà kẹrin ti dé òpin. Ó lè sinmi síbẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì rí nǹkan kan gbà. Ó ní láti kọjá ìlà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà. Ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá tẹ ilẹ̀ níwájú ìlà àkọ́kọ́ ni ẹgbẹ́ rẹ̀ gba àmì kan. Báyìí ló ṣe ń lọ títí wọ́n á fi mú ẹnì kan, tí ẹgbẹ́ méjèèjì á sì pààrọ̀ ipò. Àmì tí wọ́n ti gbà kì í sọ nù.

Erékùṣù 7,641 ló wà ní Filipínì, òfin eré yìí kò sì lè rí bákan náà ní gbogbo wọn. Níbòmíràn, ẹni tí wọ́n bá fọwọ́ bà nìkan ló ń jáde, àwọn yòókù á máa bá eré lọ títí àkókò á fi pé. Ìyẹn dára fún ìdíje ilé ìwé tí adájọ́ wà, tí aago sì wà. Fún eré àdúgbò, èmi á dúró ti ti ìbílẹ̀: wọ́n mú ẹnì kan, wọ́n mú gbogbo yín.

Ọgbọ́n ẹni tó ń sá

Àṣìṣe tí gbogbo ẹni tuntun ń ṣe ni pé wọ́n á rọ́ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà láti ibì kan náà. Ẹ pín ara yín. Kí méjì wà lápá òsì, kí méjì wà lápá ọ̀tún, kí ẹnì karùn-ún wà níta kó máa wo ibi tó ṣí. Ẹ̀ṣọ́ kan kò lè wà ní ìkángun ìlà méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Mítà 6 ni ìlà rẹ̀. Bí ẹnì kan bá fẹjú mọ́ ọn lápá òsì, tó ń gbé ẹsẹ̀ bí ẹni fẹ́ kọjá, á sún síbẹ̀. Ìgbà náà gan-an ni ẹni tó wà lápá ọ̀tún á rìn kọjá láìsáré rárá.

Ẹ má ṣe wo ọwọ́ ẹ̀ṣọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kí ẹ wò. Ọwọ́ lè tàn yín, ṣùgbọ́n ibi tó bá ti gbé ara lé ẹsẹ̀ kan, kò lè yára padà láti ibẹ̀. Ẹ fi èjìká tan án sápá kan, ẹ gba apá kejì. Bí àyè bá há, ẹ yí ara yín sí ẹ̀gbẹ́. Ate fi èyí hàn wá fúnra rẹ̀: ó fi ẹ̀gbẹ́ rìn lẹ́bàá ìlà ìta, ó fa ikùn wọlé, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè orí, ó sì ta àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ gba àlàfo kan kọjá tí kò fẹ̀ ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ. Ọmọbìnrin mi na ọwọ́ títí, ìka rẹ̀ kò ju ìbú èékánná lọ sí aṣọ Ate. Inú gbogbo wa dùn débi pé a gbàgbé pé eré ṣì ń lọ.

Ìrìn àbọ̀ ló le jù, òun náà ló sì fún ẹgbẹ́ ní àǹfààní jù. Nígbà tí ẹni méjì bá ń bọ̀ láti ẹ̀yìn, tí ẹni mẹ́ta ṣì ń lọ síwájú, ẹ̀ṣọ́ àárín ní láti máa wo iwájú àti ẹ̀yìn pọ̀. Kí ẹni tó ti dé òpin má ṣe kánjú padà. Kó dúró kí àwọn tó kù fa ojú àwọn ẹ̀ṣọ́ sọ́dọ̀ wọn ná. Bí ẹnì kan bá há sínú yàrá tí patotot wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, iṣẹ́ gbogbo ẹgbẹ́ ni láti tú u sílẹ̀: kí ẹlòmíràn gbìyànjú láti sá kọjá ìlà àárín níbi tó jìnnà, kí patotot lè sáré lọ síbẹ̀. Èyí ni mo fẹ́ràn láti máa wò jù, ọmọ ọdún 9 tó fi ara rẹ̀ sínú ewu kí àbúrò rẹ̀ lè rí ọ̀nà gbà.

Ọgbọ́n ẹni tó ń ṣọ́

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, ẹ̀ṣọ́ patintero sì gbọ́dọ̀ rìn bí alákàn pẹ̀lú: ní ìdúró kékeré, orúnkún títẹ̀ díẹ̀, apá ní ṣíṣí, kó máa fi ẹ̀gbẹ́ rìn lórí ìlà. Kò gbọdọ̀ gbé ẹsẹ̀ kan kọjá èkejì, torí á kọ ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Kó dúró sí àárín ìlà rẹ̀ níbi tí kò bá tíì sí ewu, kó má ṣe tètè fi ara jìn fún ẹni tó ń tan án. Ẹni tó bá fẹ́ kọjá lóòótọ́ á sún mọ́ ìlà. Ẹni tó bá ń fò síhìn-ín sọ́hùn-ún lọ́nà jíjìn, ẹ̀tàn ni.

Kí wọ́n máa sọ̀rọ̀. Ẹ̀ṣọ́ iwájú ló ń rí ẹ̀yìn àwọn asáré, òun ló yẹ kó máa ké sí àwọn tó kù pé ẹni méjì ti wọlé lápá òsì, ẹnì kan ń bọ̀ láti ẹ̀yìn. Ìgbà tí ẹ̀ṣọ́ bá fẹ́ fọwọ́ ba ènìyàn, ìka ni kó fi bà á ní ẹ̀yìn tàbí ní apá. Kò gbọdọ̀ gbá a, kò gbọdọ̀ fa aṣọ, kò sì gbọdọ̀ tì í. Ibi tí mo ti rí i tí ọmọ ń ṣubú jù ni oríta, níbi tí ìlà patotot ti gé ìlà ìdábùú, tí ẹ̀ṣọ́ méjì máa ń sáré pàdé ara wọn. Ẹ bá wọn ṣe àdéhùn ṣáájú pé patotot ló ní ọ̀nà, kí ẹni kejì yẹra fún un.

Kí ìjà má baà bẹ́

Ẹ fẹnu kò lórí ohun mẹ́ta kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ṣé aṣọ ka? Èmi á ní ó ka: bí ìka bá ba aṣọ, ó ti bà á. Bí ẹ bá ní ara nìkan ló ka, ẹ ó jókòó yanjú ọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ṣé ẹ̀ṣọ́ lè fọwọ́ ba ẹni tó ti kọjá ìlà rẹ̀, tó wà lẹ́yìn rẹ̀? Èmi á ní bẹ́ẹ̀ ni, bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ṣì wà lórí ìlà. Àmì mélòó ló máa parí eré? 5 tó fún ọ̀sán kan.

Kí àgbà kan dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó máa wo ẹsẹ̀ àwọn ẹ̀ṣọ́, torí ẹsẹ̀ tó kúrò lórí ìlà ni ẹjọ́ tó máa ń pọ̀ jù. Ọmọ tó bá fẹ́ so okùn bàtà, tàbí tí ẹ̀gún gún lẹ́sẹ̀, á pariwo taympers, gbogbo eré á sì dúró sójú kan títí á fi ṣe tán. Àwọn ọmọ kan á fẹ́ máa pè é nígbà tí ọwọ́ ẹ̀ṣọ́ bá kù díẹ̀ kó tó wọn. Ẹ tètè sọ fún wọn pé kò sí taympers fún ẹni tó ti há.

Ọmọ kékeré tó fẹ́ bá wọn ṣe é

Kò sí ọjọ́ tí ọmọ ọdún 4 kan kò ní sọkún pé òun náà fẹ́ wọlé. Ojútùú tí àwọn ará Filipínì ní fún èyí dùn mọ́ mi ju gbogbo nǹkan tó kù nínú eré náà lọ. Saling pusa ni wọ́n ń pè é: ológbò tó dara pọ̀ mọ́ eré. Ọmọ náà á wọlé pẹ̀lú àwọn asáré, á sá, á pariwo, ẹ̀ṣọ́ á ṣe bí ẹni fẹ́ mú un. Bí wọ́n bá fọwọ́ bà á, kò sí ohun tó ṣe ẹgbẹ́ rẹ̀, kò sì gba àmì fún wọn. Gbogbo àwọn tó ń ṣeré mọ̀, òun nìkan ni kò mọ̀. Ẹ sọ fún àwọn ẹ̀ṣọ́ pé kí wọ́n ṣọ́ra fún un, torí kì í wo iwájú nígbà tó bá ń sá. Ọmọ Ate tó kéré jù lọ ni ológbò tiwa lọ́jọ́ yẹn. Ó kọjá ìlà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ, ó kọjá wọn bọ̀, ó sì di mọ́ ìyá rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Lọ́dún tó bá ti mọ òfin, wọ́n á bọ́ orúkọ ológbò kúrò lọ́rùn rẹ̀, á wá di ẹni tí wọ́n lè mú bí àwọn yòókù.

Ẹ fún wọn ní omi mu láàárín ìpààrọ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n bọ́ bàtà lórí kọnkéré kí oòrùn tó rọlẹ̀. Ìlà tí ẹ bá fi ṣọ́ọ̀kì tàbí èédú fà, ẹ fi ìgbálẹ̀ àti garawa omi kan fọ̀ ọ́ kúrò kí onílé tó dé. Èyí tí ẹ bá fi omi fà, ẹ fi í sílẹ̀ fún oòrùn.